Igbó Mò-ń-bọ̀ àti Ìkòkò Orí Iná

Ẹ gbé ẹ̀rọ yín ti ìdí igi ìyeyè yìí, kí ẹ fún mi ní ìjókòó tó dúró dáadáa, nítorí ìbéèrè tí ẹ bi mí kì í ṣe èyí tí à ń fi ìdúró dáhùn. Ẹ ní bí ènìyàn bá gbé ẹ̀rọ awárin, èyí tó ń ké bí irin bá wà nínú ilẹ̀, jáde láti lọ fi gbádùn ara rẹ̀ nínú igbó, báwo ni yóò ti pẹ́ tó kó tó padà sílé? Gbóyèga ní wákàtí méjì ti tó. Làmídì ní òun kì í kọjá ìdajì ọjọ́. Tìámíyù tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán níbẹ̀ yẹn ní òun kì í tilẹ̀ wo aago, pé ìgbà tó bá rẹ òun lòun ń lọ. Irọ́ ni gbogbo yín ń pa! Ẹni tó ní òun lo wákàtí méjì, ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kà, kò ka ihò tó gbẹ́. Ṣé èmi ni ẹ fẹ́ tan jẹ? Ẹ ó sọ fún ará ilé pé "mò ń bọ̀", ẹ̀rọ á ké píìn, ẹ ó ní ẹ kàn fẹ́ wo ti ọ̀kan yìí. Ìdérí ìgò ọtí ni ẹ ó bá nínú ilẹ̀, ẹ ó tún ní ibi tí ìdérí bá wà, nǹkan gidi ò ní jìnnà síbẹ̀. Ọbẹ̀ á dì, ìyàwó á fajú ro, ẹ̀yin á ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, ẹni tí ẹ̀rù bá bà kó sún mọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́yalé, ọmọ Ọdẹ́tókun tó ń rọ irin tó tún ń ṣọdẹ ní Ìdóṣùn. Mo ti bá ẹfọ̀n wọ̀yá ìjà lẹ́bàá odò, ẹfọ̀n náà ló sá. Mo ti ki ọwọ́ bọ ihò òkété, mo fa erè jáde, mo sì gbé erè náà sọ́rùn wọ̀lú kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé òkété ni mo ń wá. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà inú igbó, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ; ọ̀rọ̀ ni èmi ń fi ta yín lọ́rẹ lónìí, kí ẹ mọ̀ pé mo lawọ́. Ọkùnrin kan tó bá àwọn tó ń la ọ̀nà wá sí agbègbè wa ló fún mi ní ẹ̀rọ tèmi, nígbà tí mo fún un ní itan ẹtu tó jẹ tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni ẹ̀rọ náà, ó ní àwo pẹrẹsẹ nísàlẹ̀, ó ní agbọ́hùn tí à ń fi bọ etí méjèèjì. Bí ọdẹ ti ń fi òwe sọ ajá rẹ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ẹ̀rọ mi ní Ẹ̀hìnlàárò. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín títí, wọ́n ní Ọdẹ́yalé ti fi ẹran sílẹ̀, ìṣó ló ń dọdẹ.

Wọn ò mọ ohun tó wà nínú mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Ọdẹ́níran. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó wọ Igbó Mò-ń-bọ̀ tòun ti ìbọn rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Bàbá wa ló rọ ìbọn náà fún un, ó sì ya ọmọńlé kan sí ara irin rẹ̀. Ẹ̀yin tí ilé ọdẹ kọ́ ni wọ́n bí yín sí, ẹ gbọ́: bí ọdẹ bá kú ní Ìdóṣùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó gbogbo ohun èlò ọdẹ rẹ̀ jọ, wọ́n á fi ìjálá sìn ín wọ inú igbó, wọ́n á fi í lé àwọn baba rẹ̀ lọ́wọ́. Ìṣípà ni à ń pè é. Ọdẹ tí wọn ò bá ṣípà rẹ̀, kò sí láyé, kò sí lọ́run. Nílùú tiwa, ìbọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé. Olúọ́dẹ Ògúnṣèyẹ, olórí àwọn ọdẹ wa, wá bá ìyá wa, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí wa. Kò sí ìbọn, kò sí ìṣípà." Láti ọjọ́ náà, bí ìyá mi bá fẹ́ bu oúnjẹ, àwo mẹ́ta ni wọ́n máa ń tẹ́: tiwọn, tèmi, ti Ọdẹ́níran. Wọ́n á gbé ti Ọdẹ́níran sí ẹnu ọ̀nà, bó bá di àṣálẹ́ wọ́n á dà á fún ajá. Mo dàgbà, irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ìyá mi di arúgbó kùjọ́kùjọ́, wọn ò yé bu àwo kẹta yẹn. Oúnjẹ ajá yẹn ń dùn mí ju bí mo ti lè sọ lọ.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ dé, ìyá mi wò ó, wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, "Àyìnlá, kí lèyí ń ṣe?"

Mo ní, "Bí irin bá wà nínú ilẹ̀, yóò ké, ìyá mi."

Wọ́n fọwọ́ kan àwo rẹ̀. "Ìbọn ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé irin kọ́ ni?"

Ohun tó gbé mi dìde nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé, ìyá mi sì ń dá iná iṣu. Wọ́n bi mí pé, "Ìgbà wo lo máa dé?" Ọdẹ kì í dá ìgbà àbọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ọdẹ á ní "ó dìgbà", á wọgbó, ìgbà tí wọ́n bá rí i ni wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n mo ti ń jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ lemọ́lemọ́, irú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin náà ń sọ ti mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Kí ẹ tó sọ ìkòkò yìí kalẹ̀ lórí iná, mo ti dé." Ọwọ́ ìyá mi dúró lórí igi ìdáná tí wọ́n fẹ́ tì bọ ààrò. Wọ́n gbójú sókè wò mí. "Kí lo wí?" Mo tún un wí. Wọ́n ní, "Ẹyin lohùn o, Àyìnlá. Bó bá bọ́, kò ṣeé kó." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé Ẹ̀hìnlàárò kọ́ èjìká, mo jáde.

Bí mo ṣe dé ẹnu igbó, mo bá ẹ̀dá kan lórí gbòǹgbò àràbà, ó lẹ etí kan ṣoṣo mọ́ ilẹ̀. Etí náà fẹ̀ tó ewé kókò, ó sì ń mì jẹ́jẹ́. Kò ní ojú tí mo rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dojú kọ ẹ̀yìn. Àwọn àgbà ti máa ń dárúkọ rẹ̀ fún wa, Elétí-kókò ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kí a gbọ́ orúkọ ohun abàmì yàtọ̀ sí kí a bá a ní ìjókòó. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo sì mọ̀ pé bí ọdẹ bá fi ìbẹ̀rù han ohun abàmì, tirẹ̀ ti bá a, ni mo bá ké sí i pé, "Ta lo dúró de níbẹ̀ yẹn? Èmi Ọdẹ́yalé rèé, ọmọ Ọdẹ́tókun, èmi tí ẹfọ̀n rí tó sá, èmi tí mo gbé erè sọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀!"

Kò gbé etí kúrò nílẹ̀. Ohùn rẹ̀ jáde láti abẹ́ gbòǹgbò. "Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí o pa. Kí lo fi sílẹ̀ nílé?"

Mo ní, "Ìyá mi."

"Kí ló ń ṣe?"

"Wọ́n ń se iṣu."

Ó rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi ń gbá ilẹ̀ pàà, pàà. "Ó dára. Èéfín ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, mo gbọ́ òórùn rẹ̀. Gba àlọ́ mi, ìwọ ọdẹ. Okùn kan ń bẹ, ọwọ́ kò lọ́ ọ, a kò so ó mọ́ ìdí, ó gùn láti ilé dé igbó. Ọjọ́ tó bá já, ẹni tó ni ín kò délé mọ́. Kí ni?"

Mo ní ọ̀nà ni. Ó ní ọ̀nà kì í já, koríko ló ń hù sí i. Mo ní ẹ̀mí ni. Ó ní bí ẹ̀mí bá já, ṣebí wọ́n á gbé òkú délé. Mo dúró, mo yọ fìlà, mo họ orí. Nígbà náà ni ìgbéraga mi wálẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Máa rò ó lọ. Ìgbà tí o bá fẹ́ jáde ni wàá sọ ọ́ fún mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kì í jáde. Kí n tún kì ọ́ nílọ̀: ilẹ̀ ibí kún fún ohùn. Èyí tó o tìtorí rẹ̀ wá ni kí o hú. Gbogbo ihò mìíràn tí o bá gbẹ́, ara rẹ lò ń gbẹ́ ẹ fún." Ó sún ẹsẹ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ gbọ́, mo ti wọgbó púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì wọ irú rẹ̀ rí. Àwọn igi ibẹ̀ ga tó fi jẹ́ pé bí mo ṣe gbójú sókè wò wọ́n, fìlà mi bọ́. Oòrùn wà lórí àràbà kan, níbi tó máa ń wà ní ìyálẹ̀ta. Ẹ fi ibi tí oòrùn wà yẹn sọ́kàn. Mo fi agbọ́hùn bọ etí, mo tan Ẹ̀hìnlàárò, ni ilẹ̀ bá bú sí igbe! Kì í ṣe píìn tí ẹ mọ̀ yẹn. Ohùn ogun wà níbẹ̀, ohùn aago ọrùn ẹṣin wà níbẹ̀, ohùn ẹ̀gbà tó ń kan ara wọn lọ́wọ́ ìyàwó tuntun wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí àwọn baba ńlá wa sọ nù nígbà tí wọ́n ń sá fún ogun ló ń pe orúkọ mi. Mo ní, "Ọdẹ́yalé, ìbọn lo wá." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún ní, "Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ìbọn kọ́ lèyí, bí o kò bá wò ó?" Ẹ ò rí i bí ènìyàn ti ń tan ara rẹ̀!

Mo hú ọkọ́ kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo hú ẹ̀gbà idẹ. Mo hú ọ̀kọ̀ tó ṣì mú. Mo hú orí ọmọdé kan tí wọ́n fi idẹ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín, mo nù ún, mo rí i pé eyín rẹ̀ ń dán, ojú mi sì kún fún omi nítorí ẹwà rẹ̀. Ta ló ṣe é? Ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ kó tó sá lọ? Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ ju "háà" lọ. Mo kó gbogbo wọn sí àpò. Bí mo bá gbójú sókè, oòrùn ṣì wà lórí àràbà. Mo ní ó dáa, ilẹ̀ ò tíì lọ, kò tíì pẹ́ tí mo kúrò nílé, iṣu ò tíì lè rọ̀. Ebi ò pa mí, òùngbẹ ò gbẹ mí. "Ọ̀kan yìí péré," ni mo ń wí, mo sì ń gbẹ́ òmíràn.

Lẹ́yìn náà mo fẹ́ yọ agbọ́hùn kúrò létí, kò yọ. Mo fà á, ó dùn mí. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án ni mo rí i pé irùngbọ̀n mi ló lọ́ mọ́ okùn rẹ̀. Irùngbọ̀n, ẹ̀yin ọmọ! Èmi tí mo fá àgbọ̀n mi kodoro kí n tó jáde nílé! Ó ti gùn dé àyà mi. Mo wo oòrùn: ó wà níbi tó wà. Mo wo bàtà mi: olú ti hù sí i. Mo gbá orí ara mi mú, mo ní, "Olúwa ò, ìgbà ti lọ lórí mi, mi ò mọ̀!" Àwọn àgbà ti ní ìgbà ò tọ́ lọ bí òréré, ayé ò tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn. Mo máa ń fi òwe náà dárà lágbo tẹ́lẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ fiyè sí èéfín. Ó gba àárín igi wá láti ọ̀nà ilé, tẹ́ẹ́rẹ́, ní gíga àyà ènìyàn, ó sì yí mi ká nídìí. Òórùn iṣu tó ń hó wà nínú rẹ̀, àti òórùn igi ayìn tí ìyá mi fẹ́ràn láti máa fi dáná. Kò yé mi, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ní n kò ní hú nǹkan kan mọ́ àfi ìbọn ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé ẹ̀rọ, mo ń lọ, ilẹ̀ ń ké sọ́tùn-ún, ó ń ké sósì, mo di eyín mi pọ̀, mi ò yà.

Mo yọ sí gbàgede kan. Àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀ lọ bí eèrùn, wọ́n ń walẹ̀. Jagunjagun tó wọ ẹ̀wù ogun ń fi idà walẹ̀. Àgbẹ̀ ń fi ọkọ́ walẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò òyìnbó ń fi ṣíbí walẹ̀. Gbòǹgbò ti jáde láti kókósẹ̀ wọn wọnú ilẹ̀. Ẹ̀rín músẹ́ wà lójú gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo wọn, wọ́n ń wí i wúyẹ́wúyẹ́: "Ọ̀kan yìí péré. Mò ń bọ̀. Ọ̀kan yìí péré." Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi sọ igbó náà ní Mò-ń-bọ̀. Mo ń gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Ni Ẹ̀hìnlàárò bá ké, igbe gígùn kan tí kò dáwọ́ dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà níwájú mi, irin ìbọn ló ń fi walẹ̀, ọmọńlé kan sì wà lára irin náà.

Ó gbójú sókè. Ojú rẹ̀ kò yí padà rárá, bó ti rí lọ́jọ́ tó lọ ló rí. Ó tẹ orí ba díẹ̀. "Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá," ló kí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń gbé mi kọ́rùn ló pè mí ní bàbá! Omi bọ́ lójú mi pòròpòrò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Àyìnlá ni."

"Àyìnlá wo? Mo fi Àyìnlá sílẹ̀ nílé láàárọ̀ yìí, ó ń sunkún pé òun fẹ́ bá mi lọ." Ó wo irùngbọ̀n mi, ó wo àpá tó wà níwájú orí mi, èyí tí mo gbà nígbà tí mo já bọ́ lórí igi àgbálùmọ̀ lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó rọra bi mí pé, "Ṣé ìyá wa ti sọ ìkòkò kalẹ̀?"

"Ìkòkò wo?"

"Ìkòkò iṣu. Mo ní kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ti dé. Ẹran kan ni mo tẹ̀lé wá síbí. Bí mo ṣe fẹ́ padà ni mo rí ohun kan tó ń dán nínú ilẹ̀. Ọ̀kan yìí péré ni mo fẹ́ hú."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nílé nìyẹn, kò yẹ̀! Mo rántí bí ọwọ́ ìyá mi ṣe dúró lórí igi ìdáná. Mo ní, "Wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti pẹ́. Iṣu jinná, wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n bu tiyín, ẹ ò dé. Títí di ìsinsìnyí ni wọ́n ń bu tiyín."

Ó jókòó sórí ebè tó kó jọ. Mo dì í mú lábẹ́ apá, mo ní kó dìde, mo fà á tagbáratagbára, àwọn gbòǹgbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ya, ó ké, ó ní, "Fi mí sílẹ̀, ó ń dùn mí! Ṣé ìwọ rí ọ̀nà?"

"Mo rí èéfín."

"Èmi ò rí nǹkan kan." Ó fi ọwọ́ nu ọmọńlé ara ìbọn náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Gbé e lọ fún àwọn ọdẹ, kí wọ́n ṣípà mi. Bí wọ́n bá ti ṣe é, ilẹ̀ yìí á tú mi sílẹ̀, màá lọ bá bàbá wa. Sọ fún ìyá wa pé kí wọ́n má bu tèmi mọ́. Kí wọ́n jẹ ẹ́." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kò walẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní gbàgede náà, òun nìkan ló jókòó.

Mo yí padà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Háà, ẹ̀yin ọmọ, ìgbà náà ni igbó mọ̀ pé mo fẹ́ lọ! Ilẹ̀ ké lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ké irú igbe tí mi ò gbọ́ rí, ó fi yé mi pé ohun kan wà níbẹ̀ tó ju orí idẹ lọ, pé bí mo bá fi ọ̀bẹ kan ilẹ̀ lásán, màá rí i. Orúnkún mi fẹ́ wólẹ̀, òtítọ́ ni mò ń sọ. Mo fa agbọ́hùn já pẹ̀lú irùngbọ̀n tó wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yọ. Èéfín ń fẹ́ lọ. Òórùn igi ayìn ti tán nínú rẹ̀. Ó wá di òórùn odó àtijọ́ tó ti mu iyán púpọ̀, ìyẹn náà tán. Ó wá di òórùn ọ̀dà, irú èyí tí à ń fi kun ilẹ̀kùn, ó dúdú, ó gún mi nímú. Mo rò pé ilé ẹnìkan ló ń jóná. Mo tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé ìdí àràbà.

Elétí-kókò nasẹ̀ dí ọ̀nà. "Okùn wo ni?"

Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sílẹ̀ nílé ni."

"Ta ló di orí kejì rẹ̀ mú?"

"Ìyá mi ni."

"Kí ló fi dì í mú?"

"Iná. Wọn ò tíì sọ ìkòkò kalẹ̀."

Etí ńlá náà gbéra nílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó tẹ́tí sọ́nà ilé. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, mi ò gbọ́ iná tó pẹ́ tó èyí. Ìbọn jẹ́ tìrẹ. Àpò yẹn jẹ́ ti ilẹ̀." Mo tú àpò. Ọkọ́ bọ́, ọ̀kọ̀ bọ́, orí idẹ bọ́, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Mo fi í sílẹ̀, mo fò kọjá.

Àgbàdo tí mo fi sílẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé, wọ́n ti jẹ ẹ́, wọ́n ti gbin òmíràn, èyí náà ti gbó. Ìyá Mojí, aládùúgbò wa, rí mi lójú ọ̀nà, ó ju igbá nù, ó ní, "Yéè! Ọdẹ́yalé! Sáré, wá wo ìyá rẹ! Àwọn ará àdúgbò ní orí wọn ti yí. Wọn ò kúrò nídìí ààrò, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìkòkò. Olúọ́dẹ fẹ́ bá wọn sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n fi ògúnná lé e!"

Mo dé ilé wa, kò sí ilẹ̀kùn. Kò sí àga. Kò sí odó, kò sí pẹpẹ, kò tilẹ̀ sí ibùsùn mi. Ìyá mi jókòó sídìí ààrò, eérú bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ọwọ́ wọn ti bó. Ẹ̀là ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà tó kẹ́yìn ló ń jó lábẹ́ ìkòkò, ọ̀dà ń hó lára rẹ̀. Wọ́n ń bu omi sí ìkòkò, wọ́n sì ń gé iṣu tútù lé èyí tó wà níbẹ̀ lórí.

Wọn ò tilẹ̀ dìde. Wọ́n ní, "O pẹ́, Àyìnlá."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá mi, ta ló sọ fún yín pé kí ẹ má sọ ìkòkò kalẹ̀?"

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Lọ́jọ́ tí Àlàbí, ẹ̀gbọ́n rẹ, lọ, ohun tó wí nìyẹn. Iṣu jinná, mo sọ ìkòkò kalẹ̀. Bí ìdí ìkòkò ṣe kanlẹ̀, nǹkan kan já láyà mi. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Ìgbà tí ìwọ náà dúró sójú kan náà, tó o wí ọ̀rọ̀ kan náà, mo ní èyí kò ní kanlẹ̀." Wọ́n rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n nawọ́ gbà á, wọ́n fi ìka wá ọmọńlé yẹn kàn, wọ́n gbé e mọ́ àyà. "Òun ńkọ́?"

"Ó ní kí ẹ má bu tòun mọ́. Ó ní kí ẹ jẹ ẹ́."

Ìyá mi sunkún. Èmi náà sunkún, Ìyá Mojí tó dúró síta sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ewé di etí ìkòkò mú, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Iṣu ti yọ́ sínú omi, ó ti di ọbẹ̀. Wọ́n tẹ́ àwo mẹ́ta, bí ìṣe wọn. Wọ́n bu tiwọn, wọ́n bu tèmi. Wọ́n wo ẹ̀kẹta, wọ́n sì dojú rẹ̀ dé sílẹ̀. A jẹun.

Àwọn ọdẹ ṣípà Ọdẹ́níran. Mo wà níbẹ̀, mo sun ìjálá títí ohùn mi fi há. Láti ọjọ́ náà, mo ṣì ń gbé Ẹ̀hìnlàárò jáde, mi ò purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ẹ ń bi mí, mi ò mọ wákàtí. Ohun tí mo mọ̀ ni bí ilẹ̀kùn kan ti ń pẹ́ tó kó tó jó tán.

Tìámíyù, fóònù rẹ ti ń dún láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ Elétí-kókò. Mo rí ọ nígbà tó o gbé e sétí, mo gbọ́ tó o ní "mò ń bọ̀". Kí ni ìyàwó rẹ gbé kaná? Àbí o ò mọ̀? Dìde, ọmọ mi, máa lọ. Jẹ́ kí ẹ̀rọ máa dún. Bó o bá gba iwájú ilé mi kọjá, wàá rí ilẹ̀kùn tí mo kàn fún ìyá mi kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀. Igi lásán ni. Mi ò kun ọ̀dà sí i.